Ibi Tí Orúkọ Bọ́rẹ́kì Ti Wá, Bí Wọ́n Ṣe Jẹ́rìí Sí I Lórí Òkè Mápó

Èèyàn mẹ́tàlélógún ló gun òkè Mápó ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan láti lọ sọ ibi tí orúkọ ìpápánu kan ti wá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ti bá àwọn tó ni ìpápánu náà jókòó rí. Òun nìkan ni wọn kò bi léèrè ohunkóhun títí oòrùn fi kan àtàrí.

Bọ́rẹ́kì ni ìpápánu náà ń jẹ́. Ẹni tí wọn kò bi léèrè ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo agboolé wa ní Bẹyẹrunkà ń pè ní Alhájà. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì kí a tó gba òmìnira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìròyìn nígbà náà, mo sì gbà pé bí èèyàn bá ti kọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, òtítọ́ ti dé nìyẹn. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òtítọ́ inú ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn náà pé pérépéré.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí bọ́rẹ́kì ṣe dé Ìbàdàn. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, Alhájà lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ta ìsọ̀ rẹ̀ àti gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀ kó tó lè rin ìrìnàjò náà. Ó lọ, ó ṣe iṣẹ́ hájì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kó gbé wọn bọ̀ wálé kò tètè dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òun àti àwọn obìnrin láti ìlú oríṣiríṣi fi jọ ń sùn nínú ilé kan ní Jẹ́dà. Obìnrin ará Tọ́kì kan wà nínú wọn, ó sanra, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbé láti ilé wá. Ọ̀pá yìí ló fi ń tẹ́ fúláwà pípò lórí pátákó títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ.

"Ó fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀, o óò máa rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹ láti òkè," bẹ́ẹ̀ ni Alhájà ṣe máa ń sọ ọ́.

Obìnrin náà yóò wá wọ́n ẹran lílọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, yóò ká a, yóò lọ́ ọ, yóò sì ká a roboto sínú abọ́ irin, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ká òṣùká tí yóò fi ru omi. Alhájà ń wò ó lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Obìnrin Haúsá kan tó ti ń gbé Jẹ́dà láti kékeré ló ń dúró láàárín wọn: ará Tọ́kì gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀, obìnrin Haúsá gbọ́ Lárúbáwá dáadáa, Alhájà sì gbọ́ Haúsá tí èèyàn fi ń ra màlúù. Báyìí ni Alhájà ṣe béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní bọ́rẹ́kì, nítorí Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, a kì í gba orúkọ lásán. Ará Tọ́kì náà yọ ìborùn rẹ̀, ó di etí aṣọ náà méjèèjì mú, ó lọ́ ọ, ó sì ká a sórí orúnkún. Ó wá ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ń lò fún lílọ́ àti wíwé nǹkan ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Ó fi kún un pé àwọn kan ní ìlú òun máa ń sọ pé ọba àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ ṣe é, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ṣùgbọ́n ìwọ ti rí ọba tó wọ ilé ìdáná rí?" ni obìnrin náà wí. Alhájà ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí tí onílé fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó padà dé, àwọn bàbá agboolé wa ti jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kí i kú oríire, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹ nínú èso dàbínù tó kó bọ̀, wọ́n sì sọ fún un pé opó tí kò ní ìsọ̀ mọ́ kò níṣẹ́ nígboro. Wọ́n ní kó lọ máa gbé ní abúlé wa lọ́nà oko, kó máa bá àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ pa ẹ̀kùrọ́. Ìsinmi ni wọ́n pe ìyẹn. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bí àwọn ọkùnrin mẹ́fà ṣe ń mi orí pẹ̀lú àánú, tí dàbínù sì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

"Ẹ fún mi lóṣù mẹ́ta," ni Alhájà wí. "Bí mi ò bá ríbi jókòó sí lọ́jà kó tó pé, ẹ kó ẹrù mi."

Bàbá àgbà agboolé fún un lóṣù mẹ́ta. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn lé ẹni tó ti Mẹ́kà dé jáde nílé.

Alhájà gé ẹ̀ka igi ọsàn, ó fi àfọ́kù ìgò ha á títí tó fi dán bí ọ̀pá ará Tọ́kì. Kò ní ààrò, nítorí náà ó da ọmọrí irin bo abọ́ tó ká a sí, ó sì kó ẹyin iná lé e lórí. Àkọ́kọ́ tó ṣe jóná, ewúrẹ́ agboolé gbóòórùn ẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì dùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo jẹ. Títí di òní, mi ò tíì jẹ ohun tó ń fọ́ sẹ́nu bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ sì rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kékeré rẹ̀, tó gùn bí ìka, èyí tí wọ́n ń dín nínú òróró.

Ìsàlẹ̀ òkè Mápó ló gbé àtẹ sí, létí gọ́tà tó la àárín ìsọ̀ àwọn alákàrà àti ìsọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì ní Ọjà'ba. Bó ṣe ń polówó rẹ̀ nìyí:

"Bọ́rẹ́kì rè é o! Òṣùká ará Tọ́kì, ẹran ń bẹ níkùn ẹ̀!"

Kó tó di ìyálẹ̀ta, àtẹ ti ṣófo. Àwọn télọ̀ ra, àwọn aláró ra, àwọn tó wá ṣẹjọ́ lórí òkè rà á kí wọ́n tó wọlé, wọ́n sì tún rà á nígbà tí wọ́n jáde, bóyá wọ́n jàre àbí wọ́n jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dá tajà ní Ọjà'ba láyé ìgbà náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ló ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìsọ̀, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní olórí. Bí o bá fẹ́ ta ata, o óò lọ sọ́dọ̀ àwọn aláta. Bí o bá mú nǹkan tuntun dé, wọn yóò bi ọ́ léèrè ìdílé nǹkan náà bí ìgbà tí wọ́n ń wádìí ọkọ ìyàwó. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá tó jẹ́ olórí àwọn alákàrà sọdá gọ́tà wá. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹun.

"Ìyàwó Bẹyẹrunkà, o kú ọjà o. Kí lò ń tà?"

"Bọ́rẹ́kì ni, Ìyá."

"Ọmọ ta ni?"

"Ẹ̀n?"

"Bọ́rẹ́kì náà. Àkàrà, ẹ̀wà ló bí i. Ẹ̀kọ, àgbàdo ló bí i. Èyí tí o gbé síwájú yìí, ta ló bí i?"

"Fúláwà ló bí i, Ìyá. Ẹran ni bàbá ẹ̀."

"Ṣé inú epo lo ti ń dín in, àbí inú iná lo ti ń yan án?"

Ká ní Alhájà parọ́ níbẹ̀, bóyá n kì bá tí rí nǹkan kan kọ. Ṣùgbọ́n ó ti Mẹ́kà dé, ó ti fi irọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Méjèèjì ni, Ìyá. Mò ń dín kékeré, mò ń yan ńlá."

Ìyá alákàrà pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ó ti di tiwa nìyẹn. Ohun tó bá ti rí òróró gbígbóná, ọmọ alákàrà ni. Gbé àtẹ, wá jókòó lẹ́yìn àwọn tó ṣáájú ẹ."

Lẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀ túmọ̀ sí òpin ìsọ̀ pátápátá, lẹ́yìn obìnrin méjìlélógójì, lẹ́bàá ààtàn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé àfi ẹni tó bá ṣìnà tàbí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Àyè tó ṣófo níbẹ̀ kò ṣófo lásán.

Kí Alhájà tó fèsì, ohùn ọkùnrin kan dún láti òdì kejì gọ́tà. Olórí àwọn oníbúrẹ́dì ni, ọkùnrin ńlá kan tí fúláwà kì í kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀, débi pé àwọn èèyàn rò pé ó ti hewú.

"Alhájà, ẹ má dìde o! Kò sóhun tí wọ́n fi fúláwà ṣe nílùú yìí tí kò sí lábẹ́ mi. Ìyá, ẹ̀wà nìkan ni Ọlọ́run fún yín."

"Ìwọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ po fúláwà," ni ìyá alákàrà dá a lóhùn. "Ó yá, jẹ́ kí wọ́n rí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ."

Ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì ní òfin tiwọn náà: obìnrin kì í po ìyẹ̀fun wọn, obìnrin kì í dé ìdí ààrò, títà nìkan ni wọ́n ń fi lé obìnrin lọ́wọ́. Olórí wọn ṣàlàyé ìyẹn pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń fúnni ní ẹ̀bùn. "Ẹ óò kàn kọ́ àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, Alhájà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsinmi dé. Ẹ óò kàn máa tà á."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ọkùnrin fi ìsinmi lọ Alhájà láàárín oṣù méjì.

Bó bá tẹ̀lé alákàrà, ààtàn ni. Bó bá tẹ̀lé oníbúrẹ́dì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti di tiwọn. Bó bá kọ̀ fún àwọn méjèèjì, kò sí àyè ní Ọjà'ba, oko ẹ̀kùrọ́ ló kù. Ẹgbẹ́ méjèèjì jà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé àtẹ rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbé e padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré kan tó ń rí sí aáwọ̀ ọjà. Ọkùnrin mẹ́ta àti akọ̀wé kan ni wọ́n, yàrá méjì ni wọ́n ń lò lórí òkè Mápó. Wọ́n ti tú wọn ká tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó sunkún.

Akọ̀wé wọn ló ṣe àṣìṣe tó gbé gbogbo wa débi tí a dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn òwe ni. Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lè sọ ibi tí orúkọ ti wá ti mọ ilé tí ọmọ ti wá nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ méjèèjì lọ wá ìdí orúkọ bọ́rẹ́kì, ẹgbẹ́ tí ìdí náà bá gbè ni yóò ni ín. Gbogbo ènìyàn tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí òwe dorí kodò báyìí lójú àgbàlagbà tó tó ogún, ẹnikẹ́ni kò sì rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà lókè. Èmi náà kò rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́rú tí wọ́n dá pé, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù nínú oṣù mẹ́ta Alhájà. Bàbá àgbà agboolé wa bá wa gun òkè náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìdájọ́ fúnra òun, kí òun lè mọ̀ bóyá kí òun ránṣẹ́ sí onílọ́rì tí yóò kó ẹrù Alhájà lọ sóko.

Ìgbìmọ̀ ti ní kí Alhájà gbé bọ́rẹ́kì mẹ́rìnlélógún wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwé ìjọ ni oníbúrẹ́dì mú wá. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn, ó so táì, ó sì di ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó tóbi bí ìrọ̀rí mọ́ àyà.

"Mo ti ka gbogbo ohun tó wà lábẹ́ lẹ́tà B nínú ìwé yìí," ni Tíṣà wí. "Bọ́rẹ́kì kò sí níbẹ̀."

Akọ̀wé gbé gègé sílẹ̀. "Kí ni ìyẹn wá túmọ̀ sí, sà?"

"Ó túmọ̀ sí pé orúkọ tí wọ́n bà jẹ́ ni. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, ẹnu aláìmọ̀wé ló bà á jẹ́. Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún yíyan nǹkan nínú ààrò. Béèkì ni. Àwọn ará Tọ́kì gbìyànjú láti pè é, ibi tí agbára wọn mọ nìyẹn. Ààrò ló ni ín. Oníbúrẹ́dì ló ni ààrò."

Àwọn oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́, fúláwà sì bo yàrá.

Àfáà kan tó ní ilé kéú ní Pópó Yemọja ni àwọn alákàrà mú wá. Ó kọ́kọ́ ṣàdúà fún ìgbìmọ̀, fún ìlú, fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Láti inú alùbáríkà ni orúkọ náà ti wá. Ẹ pè é, ẹ ó gbọ́ ọ. Ohun tí alùbáríkà bá wà nínú ẹ̀, mẹ̀kúnnù ló ń jẹ ẹ́. Ta ni mẹ̀kúnnù ń ra oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Alákàrà!" ni obìnrin mẹ́wàá dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àfáà," ni akọ̀wé wí, "ṣé ẹ ti dé ilẹ̀ Lárúbáwá rí ni?"

"Kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá wà nínú orí mi yìí."

Alhájà, tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, ó ká ọwọ́ sórí itan. Ẹnikẹ́ni kò yíjú wò ó.

Tíṣà dìde. "Àfáà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá wo lẹ mọ̀ tó ní ẹran nínú?"

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ òyìnbó wo lẹ mọ̀ tó ní adùn nínú?"

Ibẹ̀ ni yàrá ti dàrú. Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí Tíṣà tú ìwé rẹ̀ wò bóyá orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n bí i lóòótọ́. Tíṣà ní òun kì í bá ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ jiyàn. Ìyá alákàrà ní òun kò nílò láti kọ orúkọ òun, gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìgbà yìí, mò ń wo aṣọ tó bo ẹ̀rí lórí tábìlì. Aṣọ náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń nawọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú ẹni tó ń ronú jinlẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè fi ẹyọ kan ṣèdájọ́. Òun ní láti jẹ ìkejì kí òun lè fi í wé àkọ́kọ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ẹ̀rí ku méje.

Òun náà ló wá nu ẹnu, tó béèrè pé, "Ta ló tilẹ̀ ṣe nǹkan yìí gan-an?"

Alhájà dìde. "Èmi ni, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ mọ̀ nípa orúkọ ẹ̀?"

Ó sọ ohun tí mo ti sọ lókè: ilé tó wà ní Jẹ́dà, obìnrin ará Tọ́kì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún lílọ́ àti wíwé. Kò fi ohunkóhun kún un. Bó ṣe dé ibi wíwé, onímọ́ínmọ́ín kan tí kò sẹ́ni tó pè é wá pariwo láti ẹnu ọ̀nà:

"Ó parí! Ohun tí wọ́n bá ti wé, tiwa ni! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Wọ́n lé e jáde, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí yín dà?" ni akọ̀wé bi Alhájà.

"Ó wà ní Tọ́kì."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Hájíyà la jọ ń pe ara wa."

Ẹ̀rín sọ. Olórí oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò mọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló wá kọ́ wa ní ìdí orúkọ."

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni," ni Alhájà wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ẹ̀." Ó yọ ìborùn funfun tó gbé láti Mẹ́kà bọ̀. Ó di etí aṣọ náà méjèèjì mú, ó lọ́ ọ, ó lọ́ ọ, ó sì ká a roboto sórí tábìlì, lẹ́bàá bọ́rẹ́kì méje tó kù.

Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò ká irú ẹ̀ ṣe òṣùká láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan ṣì gbé tiwọn lọ́wọ́. Wọ́n wo ìborùn, wọ́n wo bọ́rẹ́kì, ọ̀kan náà ni.

Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí jọ òótọ́. Ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn."

"Lílọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́," ni olórí oníbúrẹ́dì wí. "Kò sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń lọ́ nǹkan nílùú yìí."

"Àwọn olóṣèlú ńkọ́?" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Ìgbìmọ̀ ní àwọn fẹ́ lọ fikùn lukùn. Wọ́n wọ yàrá inú lọ, wọ́n sì gbé bọ́rẹ́kì tó kù lọ́wọ́. A gbọ́ ohùn wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Bàbá àgbà agboolé wa tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ń wo Alhájà bí ẹni tó ti ń di ẹrù rẹ̀ lọ́kàn. Alhájà ń ṣí ìborùn rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ibi tó ti ká. Mo bi í pé, "Ẹ̀rù ń bà yín bí?"

"Ẹ̀kùrọ́ le ju ọ̀rọ̀ yìí lọ," ló dá mi lóhùn, "èyí ṣì ṣe é jẹ."

Nígbà tí wọ́n jáde, akọ̀wé ló gbé ìwé dání. Bàbá àgbà kò jẹ́ kó ṣí i.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ìyàwó wa ní àyè àbí kò ní?"

"Ó ní àyè, Bàbá."

Bàbá àgbà fà sẹ́yìn, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ onílọ́rì kú síbẹ̀, kò sì tún jíǹde mọ́ nínú agboolé wa. Alhájà fi ìborùn bo ojú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ nu òógùn.

Akọ̀wé wá ka ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Ó ní ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹ̀rí Tíṣà, ó gbọ́ ti Àfáà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nítorí ìmọ̀ wọn pọ̀. Ẹ̀rí Alhájà ni wọn kò lè gbà, nítorí ẹlẹ́rìí rẹ̀ wà lókè òkun. Ìgbìmọ̀ yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba Tọ́kì láti béèrè obìnrin náà. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó sanra, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Títí èsì yóò fi dé, ẹgbẹ́ alákàrà àti ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àtẹ náà. Láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí Alhájà jókòó ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn òkè Mápó, níbi tí ẹgbẹ́ kankan kò ní ìsọ̀, tí kò sì jìnnà sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Ó lè dín in, ó lè yan án, ó lè tà á fún ẹni tó bá fẹ́, láti ìdájí títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

"Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹjọ́ orúkọ ṣì wà nílẹ̀," ni akọ̀wé wí, ó sì gbé ojú sókè kúrò lára ìwé, "kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ kankan."